ISBN ò lẹ́sẹ̀ tó fi máa rìn dé Google

Láti ilé ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá títí dé ìsọ̀ àwọn tó ń tàwé ní Dùgbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: "Ìwé tó bá ti ní ISBN, Google á rí i." Ó ti ń súni. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀ ni ISBN. Ilé Ìkàwé ti Orílẹ̀-Èdè ló ń fúnni ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kéèyàn gba nọ́ńbà ò sọ pé ẹnikẹ́ni ti kọ ìwé náà sílẹ̀ níbì kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó yí padà ni pé àwọn tó ń tọ́jú dátà ìwé ti ṣí ojú ọ̀nà kan tí ẹ̀rọ lè gbà bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. API ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbìyànjú ti Open Library, àkójọ dátà ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ kọ openlibrary.org/isbn/ síbi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí, ẹ fi nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá tẹ̀ lé e láìfi àmì kankan sáàárín, kí ẹ fi .json parí ẹ̀. Bí ìwé náà bá wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ á jáde pẹ̀lú ohun yòówù tí wọ́n bá kọ nípa rẹ̀. Bí kò bá sí, 404 lẹ máa rí. Google Books ní tirẹ̀ náà; tí kò bá mọ ìwé yín, totalItems: 0 ló máa dá padà. Ohun tí wọ́n bá kó síbẹ̀ ni wọ́n ń gbé jáde, wọn kì í wá ìwé kiri.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ 978, tó kọ̀ tí kò tán. 978 ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ISBN lágbàáyé. 978 náà sì ni nọ́ńbà Nàìjíríà nínú ISBN. Nítorí náà, 978-978 ni ISBN wa sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á rò pé ọwọ́ ló ṣì, á sì yọ ọ̀kan. Mẹ́wàá ló kù, ISBN àtijọ́ sì jẹ́ mẹ́wàá lóòótọ́, ojú ò ní rí àléébù kankan. Ẹ̀rọ á rí i. Ẹ jẹ́ ká fi 978-978-000-000-4 ṣe àpẹẹrẹ lásán. Nínú ISBN mẹ́tàlá, ẹ fi 1, 3, 1, 3 sọ àwọn nọ́ńbà méjìlá àkọ́kọ́ di púpọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: 9+21+8+27+7+24 jẹ́ 96. Ó ku 4 kó pé 100, tí 10 lè pín láìṣẹ́kù, òun ló fi jẹ́ 4 ló gbẹ̀yìn. Ìṣirò ti ISBN mẹ́wàá yàtọ̀: 10, 9, 8 lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, 11 ni wọ́n sì fi ń pín in. 90+63+64 jẹ́ 217; ó ku 3 kí 11 tó lè pín in láìṣẹ́kù. 3 ló yẹ kó gbẹ̀yìn, 4 lẹni tó yọ 978 fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́. Wọ́n á tún ní íntánẹ́ẹ̀tì ló burú.

Ìwé orí fóònù, ìyẹn EPUB, nílò ISBN tirẹ̀. Ẹ má fi ti ìwé títẹ̀ sí i. Nínú fáìlì OPF rẹ̀, níbi tí àlàyé nípa ìwé náà wà, ẹ wo dc:language, ibi tí wọ́n ń kọ èdè ìwé sí. Ìwé Yorùbá tí wọ́n kọ en, ìyẹn Gẹ̀ẹ́sì, sí pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni yo. Ní ti àmì ohùn, Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ò ní kóòdù kan ṣoṣo fún ẹ́: àmì ohùn dá dúró lẹ́yìn ẹ ni. Fọ́ǹtì àtijọ́ tó ń fi àmì mìíràn dípò ẹ àti ọ máa ń sọ orúkọ ìwé di wúruwùru.

Bóyá ìwé tó wà nílẹ̀ dáadáa báyìí máa tà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ó kàn lè jẹ́ kí ẹni tó ń wá a rí i, bí ẹnikẹ́ni bá ń wá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ "gbé ISBN lọ fún Google", ẹ ní kó fi èsì Google Books hàn yín kí ẹ tó san owó. Open Library ò gba kọ́bọ̀: ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ìwé yín síbẹ̀.