Akọ̀wé lọ́yà tó di kańsílọ̀ láyé Ọbabìnrin Victoria

Ìbéèrè: Akọ̀wé lásán ṣáà ni akọ̀wé lọ́yà yìí. Kí ló dé tí ará ìlú ń ṣí fìlà fún un?

Ìdáhùn: Orúkọ yẹn ló ń tan èèyàn. Sòlísítọ̀ ni lọ́yà tó ń ṣe ìwé ilẹ̀, ìwé ìhágún àti ìwé gbèsè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oríṣiríṣi akọ̀wé ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ẹni tó lówó á sanwó, á kọ́ṣẹ́ fún ọdún 5, á sì di lọ́yà. Adàwékọ á tẹ orí ba látàárọ̀ ṣúlẹ̀, wọ́n á máa ka iṣẹ́ rẹ̀ ní fólíò, ìyẹn ìwọ̀n ọ̀rọ̀ 72. Àgbà akọ̀wé ni tiwa yìí. Kò ní ìwé àṣẹ lọ́yà, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó fi ilé dúró fún gbèsè, ó mọ ẹni tí bàbá rẹ̀ ò pín ní nǹkan kan. Tó bá fi lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ta ni ò ní bọ̀wọ̀ fún un?

Ìbéèrè: Kò wá lè di lọ́yà ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Òfin 1860 gba ẹni tó ti ṣe akọ̀wé fún ọdún 10 láyè láti fi ọdún 3 kọ́ṣẹ́ dípò 5. Owó ni wàhálà: sítáǹpù ìjọba lórí ìwé àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ nìkan, £80.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe wá wọ ìgbìmọ̀ ìlú?

Ìdáhùn: Òfin 1835 ló dá ìgbìmọ̀ tí àwọn tó ń san owó-orí ilé fún ìlú ń dìbò yàn sílẹ̀, ọdún 3 ni sáà kan. Ṣùgbọ́n ní ìlú ńlá, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ ní dúkìá £1,000, tàbí kó máa gbé ilé tí wọ́n dá iye lé ní £30 lọ́dún; ní ìlú kékeré, £500 tàbí £15. Ọdún 1880 ni wọ́n tó tú ìdè yẹn. Wọn kì í sanwó fún kańsílọ̀, nítorí náà ọ̀gá tó ń yọ̀ǹda ọ̀sán fún akọ̀wé rẹ̀ ṣe bẹbẹ.

Ìbéèrè: Ṣé ipò yẹn tiẹ̀ lágbára?

Ìdáhùn: Lọ́yà tó ń gbowó oṣù gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ìlú kò lè jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀. Á jókòó, á máa kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀. Akọ̀wé láti ọ́fíìsì lọ́yà mìíràn á sì nawọ́ sókè dìbò, títí kan ìbò tó lè lé lọ́yà náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.