Òórùn Ọ̀dà Nínú Wọ́ọ̀dù Tuntun

Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé ìwòsàn kan lọ́dà ní Kubwa tàbí Nyanya, ẹni tó bá wọlé á fa imú, á ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe ń ta sánsán!" Kẹ́míkà ló ń jáde lára ọ̀dà, gọ́ọ̀mù àti pákó yẹn. Àlejò tó wá kí aláìsàn á jókòó díẹ̀, á sì máa lọ. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń fà á símú tọ̀sán-tòru, àgàgà ọmọ tuntun àti ẹni tí asimá ń bá jà.

Ti ọ̀dà kò le. Omi ló pọ̀ jù nínú emulsion, ṣùgbọ́n èròjà tó ń gbẹ dà nù sínú afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń po gloss. Ní Yúróòpù, láti 2010, ọ̀dà ògiri inú ilé tí kì í dán ò gbọdọ̀ ní ju gíráàmù 30 irú èròjà bẹ́ẹ̀ nínú lítà kan. Gloss tí wọ́n ń fi kun ilẹ̀kùn lè tó 300. Iye yẹn ni kí a wò lára agolo, kì í ṣe "odourless", torí ohun tí ò rùn lè pani lára. Bí pẹ́ńtà bá sì da tínà lé e, ohun tí wọ́n kọ sára agolo ti di ìtàn.

Pákó gan-an ni wàhálà wà. Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, ni MDF tí wọ́n fi ń kan kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù. Formaldehyde wà nínú púpọ̀ nínú gọ́ọ̀mù ọ̀hún. Tí a bá pò ó mọ́ omi, òun náà ni formalin tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ní mọ́ṣúárì. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń tú u sílẹ̀: ooru oṣù kẹta l'Ábújá, kí òjò tún wá gbà á. Ọ̀dà lè gbẹ tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Pákó lè máa tú tiẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ojú tí wọ́n fi fọ́máíkà bò kì í sábà jò. Etí tí ayùn gé, ihò ìdè, àti ẹ̀yìn tó kọjú sí ògiri, tí káfíńtà fi sílẹ̀ ní ìhòòhò torí pé "ta ló máa rí i?", ibẹ̀ ló ti ń jáde. Ẹni tó ń lọ ra pákó ní ọjà Dei-Dei, kó béèrè èyí tó ní àmì E1, ìyẹn pákó tí formaldehyde tó ń jáde lára rẹ̀ kéré, kó sì ní kí káfíńtà bo gbogbo etí rẹ̀.

AC ò lè gbani níbí. Afẹ́fẹ́ inú yàrá kan náà ni èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ń fà, tó ń mú tutù, tó tún ń dá padà. Fèrèsé ló ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2009 fún wọ́ọ̀dù tó gbára lé fèrèsé ni lítà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Fèrèsé sliding kì í sì í sábà ṣí ju ìdajì lọ. Tí ọyẹ́ bá tún dé, eruku á ní kí wọ́n ti ìdajì ọ̀hún náà. Jẹnẹrétọ̀ ò gbọdọ̀ sún mọ́ fèrèsé náà rárá, torí carbon monoxide, gáàsì apani tó wà nínú èéfín rẹ̀, kì í rùn.

Ìgbà tí ẹrù ń wọlé tún ṣe pàtàkì. Fóòmù àti kọ́tìnì máa ń fa kẹ́míkà mu, wọ́n á sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí a bá kó wọn wọlé kí ọ̀dà tó gbẹ, ìgbà tí ògiri bá ti dákẹ́ ni fóòmù á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀, lábẹ́ aláìsàn.