Ẹran kan, ìbọn méjì: ta ló ni ín?

Ìbéèrè: Ọdẹ kan yìnbọn fún ìgalà, ó gbọgbẹ́ sá lọ. Ọdẹ mìíràn bá a pàdé níwájú, ó sì pa á. Ta ló ni ẹran?

Ìdáhùn: Níbi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó kọ́kọ́ dá ọgbẹ́ sí i lára ló ni ín, bó bá ṣì ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀ bọ̀. Ẹni tó parí rẹ̀ yóò gba ìpín tirẹ̀. Èwo nínú ẹ̀yà ara ẹran ni, ó kù sọ́wọ́ àṣà ìlú. Ìjà máa ń dé nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá fi ipa sílẹ̀ lọ sùn, tó wá ń béèrè ẹran lọ́jọ́ kejì. Bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ yín, ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti dá, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọdẹ ìtòsí lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Ẹni tó pa á kò gbọdọ̀ kù gììrì kun ún. Bí ooru bá mú, kó kó ìfun rẹ̀ jáde kí ẹran má baà bàjẹ́, ṣùgbọ́n kó fi ojú ọgbẹ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Òun ni ẹ̀rí: irin gígé tí wọ́n kì sínú ṣakabùlà kò jọ ọta kátíríìjì. Olúọdẹ máa wò ó.

Ìbéèrè: Lóru, mo rí ojú tó ń tàn. Ṣé mo lè yìn ín?

Ìdáhùn: Rárá o. Ojú ewúrẹ́, màlúù àti ajá ń tàn lábẹ́ iná bíi ti ẹtu. Ojú èèyàn kì í tàn bẹ́ẹ̀, nítorí náà ajá ni ẹ lè rí, kí ẹ má rí ọdẹ tó ni ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí ọrùn àti èjìká.

Bí iná méjì bá pàdé, ẹ dorí tiyín kọlẹ̀. Ẹni tí iná wọ̀ lójú lè lo ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ojú rẹ̀ tó tún mọ òkùnkùn dáadáa. Kí ẹ tó sún mọ́ ọn, ẹ kígbe “Àrìnpa o!” Ẹranko kì í kí èèyàn.

Ìbéèrè: Pàkúté ẹlòmíràn ti mú ẹran ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ sọ fún un.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn àgbà fi ń béèrè “Ṣé ó kún?” kí wọ́n tó jẹ́ kéèyàn wọ àgọ́?

Ìdáhùn: Ìbọn kátíríìjì ṣeé ṣí, kí a yọ ọta rẹ̀. Ẹ̀tù àti ọta ṣakabùlà kì í tètè ṣeé tú jáde, kíkún ló sábà máa ń wọlé. Ẹ yọ ohun kékeré tí òòlù ìbọn ń lù láti ṣáná, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sókè, ẹ dáhùn ìbéèrè náà láìbínú, kí ẹ tó wọlé.