Ṣé ayé ló ń ti olórí ṣubú?

Bí orúkọ àwọn akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ìjọba tuntun bá jáde ní Alágbàká, ibi tí ọ́fíìsì gómìnà wà ní Àkúrẹ́, tí ti ọ̀gá yín kò sí níbẹ̀, ẹ yà sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹ tó jókòó, ẹnì kan á ti sọ ọ́: "Wọ́n ti ṣe é." Ẹlòmíì á ní wòlíì òun ti rí i tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń tuni lára, torí kò bi ọ̀gá ní ìbéèrè kankan.

Mi ò ní ayé kò sí o. Ọmọ Oǹdó ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí wò. Apá 208 nínú ìwé òfin 1999 gbé yíyan akọ̀wé àgbà lé gómìnà lọ́wọ́. Àwọn olùdarí tó ń retí ipò náà pọ̀, àga kò tó nǹkan. Bí mẹ́wàá bá yẹ, tí àga méjì ṣí sílẹ̀, ṣé àjẹ́ ló di mẹ́jọ tó kù lọ́wọ́ ni?

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń pani lára ni pé ó kó gbogbo ìjákulẹ̀ sínú àpò kan. Ní 2007, wọ́n kéde pé Olusegun Agagu ló wọlé ìbò gómìnà ní ìpínlẹ̀ wa. Olusegun Mimiko ní òun lòún wọlé. Ilé ẹjọ́ ló gbà lọ. Ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìbò dá a láre ní 2008, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí i ní oṣù Kejì 2009, ó sì bọ́ sórí àléfà. Ó ku díẹ̀ kó pé ọdún méjì tó fi dúró. Ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣeé nàka sí níwájú adájọ́ ni.

Ti Rotimi Akeredolu yàtọ̀. Ipò kẹta ló ṣe nínú ìbò 2012. Òun náà pẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì da ẹjọ́ náà nù ní 2013. Kò kú sórí ẹjọ́. Ó tún gbé àpótí ní 2016, ó sì wọlé.

Ó yẹ kí olórí tó ṣubú mọ èyí tí tirẹ̀ jọ nínú méjèèjì. Kó kọ́kọ́ jẹ́ kó dùn ún ná. Ẹni tó bá ń fipá rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n ti mọ̀. Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn kí òfófó tó dé ibẹ̀. Fóònù rẹ̀ á dákẹ́ fúngbà díẹ̀, torí ipò ni ọ̀pọ̀ ń kí. Ìyẹn kì í ṣe èpè.

Wọ́n yọ àbúrò bàbá mi kan nípò ọ̀gá ilé-ìwé. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ń wá ẹni tó ṣe òun. Ó fura sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, kò jẹun nílé rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan ó fa fáìlì yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tún kúẹ̀rì tí wọ́n fún un kà. Àkọsílẹ̀ owó tí kò fi ránṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò ṣàlàyé nǹkan kan, ó ní kí wọ́n gún iyán fún òun.