Owó ẹjọ́ àti owó lọ́yà: bí kóòtù ṣe ń ṣírò wọn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó járe ní kóòtù gíga Ring Road n'Ìbàdàn ló ń rò pé gbogbo ohun tóun ná sórí ẹjọ́ ni ẹni tó jẹ̀bi máa dá padà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó méjì ló wà níbẹ̀, bí wọ́n sì ṣe ń ṣírò ọ̀kan kọ́ ni wọ́n ṣe ń ṣírò èkejì.

Owó ẹjọ́ ni èyí tí adájọ́ ń pàṣẹ pé kí ẹni tó pàdánù san fún ẹni tó járe. Ọwọ́ adájọ́ ni iye rẹ̀ wà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi pa á láṣẹ. Ẹni tó járe ló ni ín, àfi bó bá hùwà tí kò dáa nínú ẹjọ́ náà. Ìnáwó tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń wò: owó tí wọ́n san kí kóòtù tó gba ìwé wọlé, owó báílífù tó ń mú ìwé ẹjọ́ lọ fáwọn èèyàn, owó ẹ̀dà ìwé tí kóòtù lu òǹtẹ̀, owó ọkọ̀ ẹlẹ́rìí, àti nǹkan díẹ̀ fún wàhálà ẹni tó ń wá sí kóòtù. Bó bá ṣeé ṣe, adájọ́ á dárúkọ iye owó náà lọ́jọ́ ìdájọ́. Bí kò bá ṣeé ṣe, á gbé e fún òṣìṣẹ́ kóòtù tó ń yẹ bíìlì wò.

Iwájú òṣìṣẹ́ yìí ni owó ti ń bọ́. Ká ní ẹjọ́ ilẹ̀ Mọ́níyà ni, tí lọ́yà kàn kọ ọ́ sínú bíìlì pé "ìnáwó oríṣiríṣi, ₦250,000". Kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ máa dì mú níbẹ̀. Àmọ́ bó bá kọ ọjọ́, ohun tí wọ́n ṣe, iye tó ná wọn, tó sì fi risíìtì ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, bí wọ́n bá tiẹ̀ gé ọ̀kan, èyí tó kù á dúró. Owó tí ẹnikẹ́ni bá fi tẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ kí fáìlì lè tètè jáde kò ní risíìtì. Ẹ má retí ẹ̀.

Owó lọ́yà ló le jù. Nínú ẹjọ́ Guinness àti Nwoke, tó wà nínú ìwé tí wọ́n ń kó ìdájọ́ kóòtù jọ sí, ti ọdún 2000, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kò tọ́ kí ẹnìkan di owó lọ́yà rẹ̀ ru ẹni tó bá a ṣẹjọ́. Àwọn ìdájọ́ mìíràn gbà á láyè, bí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀sùn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ̀rí tó dájú hàn. Ẹni tó dúró di ọjọ́ ìdájọ́ kó tó mẹ́nu bà á ti pẹ́ jù.

Bó bá wá di àárín lọ́yà àti oníbàárà, Òfin Àwọn Agbẹjọ́rò ti 1975 ló ń darí rẹ̀. Lọ́yà ò lè sáré pe oníbàárà lẹ́jọ́ nítorí owó iṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ kọ bíìlì tó to àwọn iṣẹ́ pàtàkì tó ṣe, kó fọwọ́ sí i, kó fi jíṣẹ́ fún oníbàárà, kó sì dúró fún oṣù kan. Láàárín oṣù yẹn ni oníbàárà lè lọ sí kóòtù gíga pé kí wọ́n yẹ bíìlì náà wò. Kò yẹ kó fi ìwé náà há abẹ́ fọ́ọ̀mù. Àkókò tí iṣẹ́ náà gbà, bó ṣe le tó àti bí nǹkan tí wọ́n ń jà lé lórí ṣe tó wà lára ohun tí wọ́n ń wò láti mọ̀ bóyá owó náà bójú mu. Lọ́yà lè gbà kí wọ́n fún un ní ìpín nínú ohun tí wọ́n bá rí gbà nínú ẹjọ́ owó tàbí ilẹ̀, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn.

Ẹni tí ìdájọ́ tẹ́ lọ́rùn, tó jẹ́ pé iye owó ẹjọ́ nìkan ló ń dùn ún, kò lè ṣàdédé gba kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, apá 241, ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ kóòtù.