Omi lásán kọ́ ni ẹ̀fọ́ ń jẹ

Àlùbọ́sà ló fa gbogbo wàhálà yìí. Èèyàn á gbé àlùbọ́sà kan lé ẹnu ike, ìdí rẹ̀ á kan omi díẹ̀. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, gbòǹgbò funfun ti yọ nísàlẹ̀, ewé tútù ti là lókè. Onítọ̀hún á wá máa pe ará ilé: ẹ wá wò ó, omi lásán ni o! Láti Àkóbọ̀ dé Àpẹ̀tẹ̀ n'Ìbàdàn ni mo ti gbọ́ ọ, pàápàá lẹ́nu àwọn tí onílé ti fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá wọn, tí wọ́n sì fẹ́ gbin ẹ̀fọ́. Wọ́n ní omi nìkan ti tó.

Kò tó. Pé ewéko lè dàgbà láìsí ilẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìjà mọ́. Julius Sachs, onímọ̀ nípa ewéko, ti ń ṣe é ní Jámánì láti nǹkan bí ọdún 1860. Ṣùgbọ́n ó po oúnjẹ ewéko sínú omi náà kó tó ki gbòǹgbò bọ̀ ọ́.

Àlùbọ́sà ní tirẹ̀, àká ni. Ara rẹ̀ ló ń jẹ tó fi ń hu ewé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó bá a tó ti rọ̀ wọ̀jọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dùnkún. Ẹ wá da èso tẹ̀tẹ̀ sínú omi yẹn kan náà. Èso tí kò ju hóró iyanrìn lọ, kí ló kó dání?

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ ṣì í. Jan Baptist van Helmont, ọ̀mọ̀wé ará Brussels, gbin igi willow kékeré tó wọn pọ́n-ùn 5 sínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tó wọn pọ́n-ùn 200. Omi òjò ló ń bu rin ín. Lẹ́yìn ọdún 5, igi ti wọn pọ́n-ùn 169, iyẹ̀pẹ̀ sì fi áúńsì 2 péré dín. Ó ní omi ló di igi. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1648, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ó gbàgbé afẹ́fẹ́, inú èyí tí igi ti ń rí ohun tó pọ̀ jù lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Áúńsì 2 yẹn ni mo ń bá a jà sí. Kò ju ẹyin adìẹ kan lọ, ló bá fojú fò ó. Ẹ wọn ìkòkò ọbẹ̀ kan, kí ẹ wá wọn iyọ̀ inú rẹ̀. Iyọ̀ kò tó nǹkan. Ẹ sè é láìsí iyọ̀, kí ẹ gbé e síwájú àlejò. Náítírójìn, pòtásíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti irin wà nínú ohun tí van Helmont gbọ̀n dànù yẹn. Ní 1699, John Woodward ní London gbin ewé mint sínú oríṣiríṣi omi. Èyí tó wà nínú omi òjò ń fà bí ìgbín. Èyí tó wà nínú omi tí wọ́n po iyẹ̀pẹ̀ ọgbà sí ló ta yọ.

Ẹnìkan ní Mókọ́lá bá mi jiyàn pé omi kànga òun ń gbé gbúre dàgbà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Omi kànga ti gba inú ilẹ̀ àti àpáta kọjá, ó ti bu díẹ̀ lára wọn. Bí ṣáláńgà bá wà nítòsí, náítírójìn á tún bá a dé. Mi ò bi í ibi tí ṣáláńgà wọn wà.

Nítorí náà, ó sinmi lé irú omi àti irú ewé. Gbúre lè fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ fẹ́ gé sọ́bẹ̀, mi ò ní fi owó mi ta á.

Ẹ má sì torí èyí bu ajílẹ̀ inú àpò sínú ike o. Ilẹ̀ la ṣe é fún. Bí yúríà bá wà nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ohun tí gbòǹgbò lè fà dáadáa, wọn ò sì pọ̀ tó nínú ike yín. Èyí tí wọ́n ṣe fún omi ni kí ẹ béèrè. Ó sábà máa ń wá ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ méjì; bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀ ní kíki, apá kan á dì, á sì sùn sísàlẹ̀ bí ẹfun. Ẹ bo ike náà kí oòrùn má wọ inú omi, kí ẹ̀fọn má sì yé síbẹ̀. Ike tí wọ́n fi ta oògùn apakòkòrò kò sí lára ike tí mò ń wí, kódà kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.