Bí Awakọ̀ Bàlúù Ogun Ṣe Ń Jábọ̀ Ohun Tí Kò Mọ̀ Lójú Ọ̀run

Ní alẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọmọdé a máa nàka sí ìràwọ̀ títàn yòò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá. Àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ lé e tipẹ́: àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni, àgùàlà kì í ṣe ajá oṣù. Irú àṣìṣe ojú yìí ló ń fún àwọn tó ń yẹ ìròyìn awakọ̀ bàlúù ogun wò ní Amẹ́ríkà níṣẹ́ ṣe.

Bí awakọ̀ bá rí nǹkan, á bi ẹnìkejì rẹ̀ léèrè bóyá òun náà rí i, á sì bi àwọn tó jókòó ti rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà lọ́nà jíjìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, lójú òkun nítòsí ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà, rédà ló ṣáájú ojú. Ọkọ̀ ogun ojú omi USS Princeton rí nǹkan, wọ́n wá darí awakọ̀ bàlúù ogun David Fravor àti bàlúù kejì síbẹ̀. Fravor ní ohun funfun kan lòun rí, ó gùn, orí àti ìdí rẹ̀ rí roboto bíi kápúsù oògùn, kò sì ní apá. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú bàlúù méjèèjì. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Tí awakọ̀ bá balẹ̀, ó di fọ́ọ̀mù kíkọ: aago mélòó, ibo, báwo ni bàlúù tirẹ̀ ṣe ga tó, eré wo ló ń sá, kámẹ́rà wo ló ya àwòrán. Ohun tó rò pé òun rí kò ṣe pàtàkì tó ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà.

Ẹni tó bá jókòó sẹ́bàá fèrèsé bọ́ọ̀sì láti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà á rí ìdí rẹ̀. Igi etí títì á máa sá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń lé; òkè ọ̀ọ́kán á dà bí ẹni ń bá bọ́ọ̀sì lọ. Bẹ́ẹ̀, igi ò sá, òkè ò rìn. Fídíò kan tí àwọn ọmọ ogun ojú omi yà lọ́dún 2015 fi nǹkan kan hàn tó dà bí ẹni ń fò fìrì lórí omi. Ìgbìmọ̀ NASA, iléeṣẹ́ òfuurufú Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2023: nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 13,000 ló ga sí òkun, eré rẹ̀ ò sì ju bíi máìlì 40 ní wákàtí kan lọ. Eré bàlúù tó ya fídíò ló jẹ́ kó dà bíi pé ó ń sáré. Bọ́ọ̀sì Iléṣà á yà á sílẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń panu mọ́ kí wọ́n má baà fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ọdún 2019 ni iléeṣẹ́ ológun ojú omi tún ìlànà ìjábọ̀ ṣe; ní oṣù Keje ọdún 2022, wọ́n dá AARO, ọ́fíìsì tó ń yẹ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wò, sílẹ̀ ní Pentagon, oríléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìròyìn wé ojú ọjọ́, sátẹ́láìtì, dúróònù àti fèrè aláfẹ́fẹ́ (bàlóònù) ńláńlá tí wọ́n ń fi wo ojú ọjọ́. Nínú ìròyìn 144 tí ìjọba kó jọ títí di ọdún 2021, ẹyọ kan péré ló dá wọn lójú: fèrè ńlá kan tí atẹ́gùn ń jò lára rẹ̀.

Ní Ifẹ̀ tí ìtàn ti sọ pé ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi rọ̀ láti ọ̀run, ẹnu lè yá èèyàn láti fún 143 tó kù lórúkọ. AARO ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Fáìlì tí ẹ̀rí rẹ̀ ò tó, wọ́n á gbé e pamọ́ títí rédà tàbí kámẹ́rà mìíràn á fi mú nǹkan tuntun wá, wọ́n á sì tún un ṣí.